Ọba Tó Wà Lára Ògiri

Ìyá ọkọ mi kì í dárúkọ ọdún. Bí oníbàárà bá bi í ní ṣọ́ọ̀bù wa ní France Road pé ìgbà wo ló dé Kánò, àwòrán ọba ìlú rẹ̀ lára ògiri ni yóò nawọ́ sí: "Ọdún tí Kábíyèsí gorí oyè ni."

Kọ́bọ̀ di ohun ìgbàgbé, rélùwéè tó gbé e wá dákẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi Hausa dá a lóhùn. "Kábíyèsí ṣì wà," ni yóò wí. "Màá padà sílé."

Nígbà tí wọ́n pè wá láti ilé pé ọba ti wàjà, mo bi í bóyá kí n yọ àwòrán náà.

Ó rọra jókòó. "Fi sílẹ̀, ìyàwó mi. Èmi àti Kábíyèsí nìkan ló kù tó mọ ilé tí mò ń sọ, bó ṣe rí kí n tó wá síbí. Ó wá ku èmi."