Ilé tí Bàbá Mi Rà ní Ìsẹ́yìn

Bí mo bá ti gbóòórùn ọ̀dà tútù, ọ̀sán tí a lọ wo ilé kan ní Ìsẹ́yìn ni mo máa ń rántí. Ilé ti wọ́n nígboro látìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀yọ́ ti ń wá gbé ibẹ̀. Èyí nìkan ni agbára bàbá mi, tó ń hun aṣọ òkè, ká. Ògiri rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé alágbàṣe ni.

Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ibí yìí máa ń jò, ẹ bá a wá páànù."

Ìyá mi bi í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ máa lọ?"

"Ṣakí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bọ̀."

Ìyá mi bẹ bàbá mi pé kí wọ́n má rà á.

Bàbá mi ní, "Ìyá Ràfíà, bí a ò bá rà á, ẹlòmíràn á rà á."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé opó ni obìnrin náà, àti pé ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ta ilé mọ́ ọn lórí.

Lọ́jọ́ tí a kó débẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n jù ú lọ dáadáa. Ibẹ̀ la dàgbà sí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ìyá mi pè é ní ilé àwọn rí.