Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Délé Kọ̀ Láti Jí

Owó tí ń ra lítà epo kan ní Ore báyìí bọ́ mi fún odindi sáà kan ní yunifásítì. Síbẹ̀ a rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ tí n kò lè gbàgbé, nítorí Délé, ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì tó ń ṣàìsàn, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí òun yà sórí ìwé nígbà tí a wà níléèwé, tí ẹnikẹ́ni kò kàn rí, jí kí òun tó kú. Ètò kan lórí láàpútọ́ọ̀pù mi ló ń sín kọ̀ǹpútà náà jẹ, Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, sì ń jí lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Nírọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà náà dákú: kò rí dísìkì, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìpamọ́.

"Ṣé ó ti jí?" ni Délé béèrè.

Kọ́lá, ẹnì kẹta wa, bú sẹ́rìn-ín. "Ó kú kó tó jí. Ó jọ ìwọ Délé."

Lẹ́yìn ìsìnkú Délé, Kọ́lá fi ìlà àṣẹ kan ṣoṣo júwe dísìkì fún kọ̀ǹpútà náà, ó sì jí. "Mo ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, n kò kàn sọ ọ́ ni," ló wí.

Nínú àwa mẹ́ta, èmi ṣì wà láàyè. Kọ́lá náà wà.