Abẹ́rẹ́ àti Ẹgbẹ́ Fèrèsé

Bí ẹ bá pàdé obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú ọ̀nà, tó ń rìn kánkán bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, tó sì kọ́kọ́ wo kọ́là ẹ̀wù yín kó tó wo ojú yín, Abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ẹ má bínú sí i. Kọ́là ló fi gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ rán, kò sì lè rí èyí tó wọ́ kó mú ẹnu dúró. Ọkọ rẹ̀, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó ń tún bàtà ṣe, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ó fetí sílẹ̀ dáadáa títí òun fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló rán ẹ̀wù yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ ni. Òun ló tọ́ ọ. Òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń di irun rẹ̀, ìdìkudì tó wọ́ sápá kan tí àwọn ọmọ iléèwé fi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó tó iṣẹ́ ṣe, ẹ̀gbọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ tí òun náà wà, níbi tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì àti yunifọ́ọ̀mù, ó sì fún un ní àlùmọ́gàjí tuntun kan. Máníjà wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, ó ní èyí tín-ín-rín jù. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọ̀gá, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn, tí ẹni tó mọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò fi pọ̀ mọ́.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá iṣẹ́ náà wà, ó sì gùn gbọọrọ. Àwọn agéṣọ, tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin, ló wà níwájú nídìí tábìlì ńlá. Àwọn obìnrin tó ń ránṣọ jókòó sáàárín nídìí máṣíìnì. Àwọn tó ń lọ aṣọ wà lẹ́yìn pátápátá, nínú ooru áyọ́ọ̀nù. Fèrèsé pọ̀ lára ògiri, ṣùgbọ́n pípa ni wọ́n ń pa wọ́n dé látàárọ̀ dalẹ́. Ìdí ni pé àwọn agéṣọ máa ń tẹ́ bébà sórí aṣọ, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká kí wọ́n tó gé e, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, bébà á ti fò, ìlà á ti wọ́. Àwọn ọkùnrin wá ń gé aṣọ wọn ní ìrọ̀rùn, àwọn obìnrin sì ń hó lẹ́yìn wọn bí omi orí iná.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà o. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ gan-an ni alága, olóòótọ́ èèyàn sì ni, kò sẹ́ni tó lè nàka sí i pé ó jẹ kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ni wọ́n fi ìpàdé sí, ìgbà tí àwọn obìnrin ti sáré lọ mú ọmọ níléèwé, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò gbé kaná. Ta ló wá kù ní ìpàdé? Agéṣọ ni. Bí ọ̀rọ̀ fèrèsé bá délẹ̀, wọn á ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó wà ní pípadé nawọ́ sókè, gbogbo ọwọ́ á lọ sókè, wọn á sì kọ ọ́ pé gbogbo ilé ló fọwọ́ sí i. Ẹ ò rí ilé!

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó lóyún ṣubú lulẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù. Omi ni wọ́n fi sọ ọ́ jí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìpàdé, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "a ó gbé e yẹ̀ wò" jẹ́ lẹ́nu àgbà ẹgbẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ooru sì ti mú, Abẹ́rẹ́ dìde nídìí máṣíìnì, ó gun orí àpótí, ó ṣí fèrèsé gbayawu. Bébà fò. Bébà ẹ̀yìn, bébà apá, bébà àpò, gbogbo wọn ń fò káàkiri yàrá, àwọn agéṣọ sì ń lé wọn bí ẹni ń lé adìẹ.

"Ta ló ṣí i?" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Èmi ni, Bùrọ̀dá."

"Abẹ́rẹ́, pa á dé."

"Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá. Mi ò ní pa á dé."

"Ṣé o fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká ni? O ò mọ̀ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà?"

"Ejò tó ń rìn pọ̀ náà, Bùrọ̀dá, ìrù ló ń jẹ eruku."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun ọkùnrin náà ju fèrèsé lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi yapa. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, àwo lọ́wọ́, kí ọmọ má bàa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù ìpàdé mọ́. Wọ́n fi Abẹ́rẹ́ ṣe alága. Wọ́n fi obìnrin kan ṣe akọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òfin, nítorí kò lè mu omi láìbéèrè bóyá òfin fàyè gbà á. Àwọn agéṣọ fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ní Ẹgbẹ́ Fèrèsé. Àwọn obìnrin ní ẹ ṣeun, wọ́n gba orúkọ náà, wọ́n sì ṣe báàjì kékeré tí àwòrán fèrèsé ṣíṣí wà lára rẹ̀. Máníjà lóun ò mọ ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Wọ́n káwọ́ gbera nídìí máṣíìnì, wọn ò rán nǹkan kan, títí ó fi gbà pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àwọn bébà wá ńkọ́? Àwọn agéṣọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Òkúta! Ọ̀rọ̀ tó fọ́ ẹgbẹ́ sí méjì, òkúta ẹnu ọ̀nà ló yanjú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkúta ò lè yanjú ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ò pe Abẹ́rẹ́ ní Abẹ́rẹ́ mọ́. "Ẹ káàárọ̀ o, Alága." "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága." Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di irun rẹ̀! Ì bá sàn kó gbá a létí. Lọ́jọ́ ìsinmi, kò wá jẹun lọ́dọ̀ wọn mọ́, àga tó máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ Abẹ́rẹ́ wá di ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí.

Àṣà kan wà níyàrá iṣẹ́ náà tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a. Bí èèyàn bá ń fẹ̀yìn tì, yóò rìn láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo èèyàn á sì máa fi ẹ̀yìn àlùmọ́gàjí lu tábìlì títí yóò fi jáde. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ. Lílù yẹn nìkan ni, ó sì tó, nítorí ẹni tí wọ́n bá lé níṣẹ́ nìkan ló ń jáde nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìyapa ni Ìyá Bọ́tìnnì, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Òun ni ìyá tó bí Ìyá Òfin. Àwọn obìnrin lù fún un. Àwọn agéṣọ káwọ́ gbera. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ló ní kí wọ́n má lù, pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àwọn. Iwájú, lọ́dọ̀ wọn, ni ẹnu ọ̀nà sì wà. Nígbà tí ìyá arúgbó náà fi máa dé ibẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Inú bí Abẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dìde ní ìpàdé, ó mú òfin kan wá: ọmọ Ẹgbẹ́ Fèrèsé kankan kò gbọdọ̀ lu àlùmọ́gàjí fún ọmọ ẹgbẹ́ kejì, láéláé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú fùfù ni òfin náà ti jáde.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń gé aṣọ fúnra rẹ̀. Bí agéṣọ kan bá ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ mọ́. Lílù wọn wá ń dín kù. Nígbà tí ó ku méjì, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń lọ, ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ nìkan ló dúró nídìí tábìlì gbọọrọ yẹn, tó ń dá lu àlùmọ́gàjí. Àwọn obìnrin gbé ọwọ́ lé itan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá là sí Abẹ́rẹ́ lójú. Bí ó bá kan ẹni yìí, ta ni yóò lù fún un?

Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ sì sún mọ́, Abẹ́rẹ́ bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa òfin yẹn rẹ́."

"Ta ló mú un wá, Alága?" Ìyá Òfin ló bèèrè.

"Èmi ni."

"Ìpàdé ọdọọdún nìkan ló lè pa òfin rẹ́. Bàbá á sì ti lọ kí ìyẹn tó dé." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Títí di òní, màmá mi ṣì ń bi mí pé kí lòun fi ṣe wọ́n."

Abẹ́rẹ́ jókòó.

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí bàtà oníbàtà. Ọkọ rẹ̀ yọ ìṣó lẹ́nu, ó ní, "Ẹ̀wù tó o fọwọ́ ara ẹ rán ló há ẹ lọ́rùn yìí. O ò ṣe tú u?"

"Wọn ò jẹ́ kí n tú u."

"Nígbà náà, bọ́ ọ." Ó sì padà sídìí bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ká téèpù rẹ̀, ó da àwọn òkúta rẹ̀ sínú àpò, ó nu tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò ní lò mọ́. Àwọn obìnrin dá máṣíìnì dúró, nítorí òfin ò ní kí wọ́n má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ yà sáàárín wọn, sídìí máṣíìnì Abẹ́rẹ́.

"Ó dàbọ̀ o, Alága," ó ní. Ó yí padà, ó sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ nìkan ló ń dún.

Abẹ́rẹ́ tú báàjì láyà, ó gbé e lé orí máṣíìnì. "Ìyá Òfin," ó ní, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, "ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́." Ó mú àlùmọ́gàjí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un níjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu tábìlì máṣíìnì: kọ́, kọ́, kọ́.

Ọkùnrin náà dúró. Nígbà tó sì yíjú, kò wá sọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́. Ìdí tábìlì tí Ìyá Bọ́tìnnì ń lò tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Òfin, ló lọ. Ó mú àlùmọ́gàjí tirẹ̀ jáde nínú àpò, ó sì lù ú níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi tó ìgbà tí ìyá arúgbó kan lè fi rìn dé ẹnu ọ̀nà.

"Bá mi sọ fún màmá rẹ," ó ní, "kò ṣe wá ní nǹkan kan. Tirẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́."

Ìyá Òfin wò ó. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó sì tú báàjì tirẹ̀. "Kó yé gbogbo yín o," ó ní, imú rẹ̀ ti dí, "mi ò rú òfin. Mo kúrò nínú ẹgbẹ́ ni." Ó gbá àlùmọ́gàjí mú, ó lù ú bí ẹni pé tábìlì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Báàjì ń bọ́ láyà káàkiri yàrá. Ká sọ tòótọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ẹgbẹ́ Fèrèsé ò ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ìró àlùmọ́gàjí sì kún gbogbo ilé débi pé máníjà sáré jáde ní ọ́fíìsì, ó rò pé òrùlé ló ń já.

Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn rò pé yóò lọ. Ó tún padà, ó rìn gba àárín wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó mú báàjì orí máṣíìnì. Kò tíì wò ó dáadáa rí. Ó wò ó báyìí, fèrèsé kékeré tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e padà sí àyà Abẹ́rẹ́.

"Abẹ́rẹ́," ó ní, "ẹgbẹ́ kì í wà láìní alága. Kí lo sè nílé?"

Báàjì náà wọ́ sápá kan, bí irun ìgbà kékeré. Abẹ́rẹ́, tí kì í rí ohun tó wọ́ kó dákẹ́, rí i. Kò tún un ṣe. Ó fi í sáyà bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ tirẹ̀, bí akọ̀wé tuntun kan bá sì nawọ́ pé òun fẹ́ bá a tún un ṣe, ó máa ń ní kí ó fi í sílẹ̀.