Bàbá Ọdẹ tó ń fi èékánná ha ọta

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni kóńgò gàrí nígbà tí bàbá ọdẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀. Góòlù ni mò ń tà, ojúlówó àti ayédèrú. Òṣùwọ̀n kékeré mi ni bàbá ń wá yá, kí wọ́n lè fi wọn ọta òjé tí wọ́n fi bàbà bò, torí àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń di ọta ìbọn wọn. Wọ́n á fi èékánná ha ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí awọ rẹ̀ bá ṣí, wọ́n á jù ú nù.

“Ìyá Góòlù, ohun tí wọ́n bá bò, ńṣe là á rọra tì í wọnú ìbọn. Bí a bá fi agbára tì í, awọ rẹ̀ á bó.”

“Bàbá, ẹran wo lẹ ti wá fi gbogbo ìrọra yìí pa? Ẹran alápatà náà lẹ sì ń jẹ.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún mú ọta mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ìyàwó kan láti Bódìjà ti ń ka owó ṣéènì tí mo pè ní góòlù gidi. Bàbá nawọ́ mú ṣéènì náà, wọ́n sì ti ha á kí n tó lanu.

“Ìyá ìyàwó, awọ lásán ni o,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kíni kú oríire.

Obìnrin náà kó owó padà sí báàgì. Bàbá ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti padà sídìí ọta wọn. Ẹ̀rín ló pa mí, n ò lè bá wọn jà. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin náírà ni èékánná bàbá gbà lọ́wọ́ mi.