Ariwo Tó Wà Ní Ìdí Téèpù

Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń kó wọn. Bó ṣe rí gan-an ni mo ń sọ: ṣọ́bìrì, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ńtì. Àwọn tó ń ra ike àlòkù ti gbé ọkọ̀ wọn wọ ọgbà ilé tẹlifíṣàn tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, wọ́n sì ń da téèpù sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń da iyanrìn. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ẹnìkan níbẹ̀ ló ṣàánú mi tó pè mí lórí fóònù, mo sì sáré dé láti Agége pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá tuntun tí wọ́n fi síbẹ̀ kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Ó kí mi dáadáa, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ló tún ń wo nǹkan wọ̀nyí? Jẹnẹrétọ̀ la fẹ́ gbé sí yàrá yẹn.”

“Jẹnẹrétọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ mú èyí tó bá wù yín.”

Mo mú èyí tí apá mi ká. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, eré ẹ̀fẹ̀ àwọn òyìnbó ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àdúgbò wa máa ń wò. Bàbá mi nìkan ló ní tẹlifíṣàn lójúlé wa, àwọn aládùúgbò a sì kún ojú fèrèsé. Èyí tí bàbá mi fẹ́ràn jù ni ti òyìnbó kan tó ń rán bàtà, tí ìyàwó rẹ̀ kì í fún un ní ìsinmi. Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju “gúdù mọ́nì” lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí iná, láti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó oníbàtà yẹn bá ti yọjú pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ẹ̀rín bàbá mi a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà a kọ́kọ́ fọn bíi fèrè, kó tó wá bú jáde láti inú.

Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ilé tẹlifíṣàn gbà mí sí yàrá téèpù. Ọ̀gá Làmídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í wọ bàtà wọ yàrá náà, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni pé, “Etí ni kó o dì mú. O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú.” Ojú téèpù ni ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà wà, gọ́ọ̀mù ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike tín-ínrín. Inú ìyẹ̀fun yẹn ni àwòrán àti ohùn ń gbé. Bí ìyẹ̀fun bá ṣí, àwòrán lọ, ohùn lọ. Kò sí àtúnṣe.

Bí a bá ti fi eré òyìnbó hàn tán, àdéhùn ni pé ká dá téèpù padà tàbí ká pa á rẹ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ní òòfà nínú, tí a ń gbé téèpù lé lórí: gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ a pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n téèpù ṣọ̀wọ́n. Eré oníbàtà yẹn kò gbà ju ìdajì téèpù lọ, nítorí náà a máa ń gba ètò tiwa sí ìdajì tó kù. Bó ṣe di pé ètò kan tó ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò ní ilé iṣẹ́ wọn wà lẹ́yìn òyìnbó oníbàtà nìyẹn. Bàbá mi wà nínú ètò náà, níwájú iná tánganran rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí àṣẹ dé pé ká pa eré òyìnbó náà rẹ́, Ọ̀gá Làmídì gbé téèpù yìí padà sórí pẹpẹ. Ó ní, “Tiwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pa tiwọn ti pa tiwa nìyẹn.” Kò pa á.

Bàbá mi kú kí n tó bí Morẹ́nikẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo. Fọ́tò ló fi mọ bàbá àgbà rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé ẹ̀rín bàbá mi ló ń rín, kò sì ní ohun tó lè fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo bẹ àwọn ọ̀gá ilé tẹlifíṣàn títí pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà téèpù náà. “Ọ̀la” ni wọ́n ń sọ, títí ṣọ́bìrì fi dé.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní báyìí ní Agége, níbi tí mo ti ń gba fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà láti inú téèpù sínú kọ̀ǹpútà. Morẹ́nikẹ́ ń bá mi jókòó níwájú. N kì í jẹ́ kó wọ yàrá ẹ̀yìn, torí ikọ́ fée ń ṣe é, eruku ara téèpù kò sì dára fún àyà. Ó ní mo ń kẹ́ òun jù. Kó máa sọ ọ́ lọ.

Bí téèpù bá pẹ́ nínú ooru, gọ́ọ̀mù rẹ̀ a yọ́, a sì lẹ̀ mọ́ra bí òkèlè ẹ̀bà. Bí o bá yí i bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun a bọ́. Ooru gbígbẹ tí kò pọ̀ jù ló ń wò ó sàn, kó sì pẹ́ níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Wọn kì í yan búrẹ́dì ní ọjọ́ Àìkú, ìléru wọn a sì máa tutù díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sórí pẹpẹ òkè rẹ̀. Bó bá ti wá sí ìwọ̀n àádọ́ta, tí kò lọ sókè mọ́, mo gbé téèpù lé e.

“Ìyá Téèpù!” Ṣúnkànmí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ọjọ́ kejì níbẹ̀, a pariwo. “Ṣé tiyín ti jinná? Ká mú bọ́tà wá?”

“Mú un wá, kí n fi pa ẹ́ lẹ́nu.”

Ọ̀gbẹ́ni Dípọ̀ ló wá bá mi látọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó kan tó ń wá eré àtijọ́ tó sọnù. Ó ní ọ́fíìsì ní Òpèbí. Ó ní àwọn tó ni eré oníbàtà yẹn gan-an ti pa tiwọn rẹ́ lọ́hùn-ún láti fi téèpù rẹ̀ gba nǹkan mìíràn, pé kò sí ẹlòmíràn tó ní i láyé. Mo ní kó fara balẹ̀ di ọjọ́ Àìkú.

“Màmá, ilé búrẹ́dì kẹ̀? Téèpù tí gbogbo ayé ń wá?”

“Ọjọ́ Àìkú ni mo wí.”

Ọjọ́bọ̀ ló padà wá, nígbà tí mo lọ sọ́jà. Ó sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé, “Ìyá yín ti ní kí n mú un.” Ọmọ mi kò mọ̀ pé ẹni tó wọ kóòtù lè dúró lójú ẹni kó purọ́. Ó gbé e fún un. Ọkùnrin náà gbé e tààrà lọ sí Computer Village, sọ́dọ̀ ẹnìkan tó tún ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Gbogbo wa tí a dàgbà nígbà tí a ń háyà fídíò ni wọ́n kọ́ pé ká yí i padà síbẹ̀rẹ̀ ká tó dá a padà. Ó ti mọ́ wa lọ́wọ́. Téèpù mi ti yí dé ìparí, ìdí rẹ̀ ló wà lókè. Ohun tí ẹni yẹn kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tẹ bọ́tìnì tó ń yí i padà, kíákíá, láìtíì yan án. Ìdí téèpù ló kọ́kọ́ ṣí. Ìdí téèpù ni tiwa. Ó ń ya, ìyẹ̀fun ń bọ́, títí ẹ̀rọ fi há. Ibi tó há sí kò tíì dé ti òyìnbó.

Ọ̀gbẹ́ni Dípọ̀ gbé e padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. “Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́! Ti òyìnbó ò bàjẹ́!”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa wà níbẹ̀ àti lára kóòtù rẹ̀.

Mo ní, “Ìwọ Dípọ̀, nu ara rẹ. Bàbá mi lo wọ̀ sára yẹn.”

Kò yé e. Mo lé e jáde nínú ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo òpópónà sì gbọ́ bí mo ṣe lé e. Morẹ́nikẹ́ ń sunkún, èémí rẹ̀ ti ń há. Mo fún un ní oògùn rẹ̀, mo ní, “Ìwọ kọ́. Òun ló purọ́.” N kò fi ọ̀rọ̀ náà bá a wí títí di òní, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá a wí.

Lọ́jọ́ Àìkú mo yan téèpù náà. Ṣúnkànmí kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Nígbà tó tutù tán, mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, mo gba gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí. Òyìnbó oníbàtà mọ́ rekete. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà funfun, òkùnkùn, ariwo bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan. Àwòrán kò sí rárá. Mo ti fẹ́ pa ẹ̀rọ nígbà tí ohùn kan béèrè láàárín ariwo náà pé, “Bàbá, bẹ́ ẹ bá ṣíwọ́ ńkọ́?”

“Ilé ni mò ń sáré lọ jàre! Òyìnbó tó ń rán bàtà ni mo fẹ́ lọ wò.”

Ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Ó fọn bíi fèrè, ó sì bú jáde. Ariwo gbé e mì.

Morẹ́nikẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. “Màámi, tèmi nìyẹn.”

A fi ẹ̀dà kan tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó náà fúnra wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó. Inú wọn dùn, wọ́n dúpẹ́ títí. Wọ́n wá béèrè bóyá a lè gé ariwo tó wà ní ìdí rẹ̀ kúrò, ká fi ojúlówó ti eré náà nìkan ránṣẹ́.

Mo ní kí Morẹ́nikẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó máa yí ohun tí mo bá sọ sí Gẹ̀ẹ́sì.

“Sọ fún wọn pé ariwo yẹn, bàbá mi ni. Òun ló jẹ́ kí ọ̀gá mi kọ̀ láti pa eré wọn rẹ́, nígbà tí àwọn fúnra wọn ń pa á. Wọ́n máa gba méjèèjì, tàbí kí wọ́n má gba ọ̀kankan.”

Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Ó wò mí. “Ṣé kí n fi ‘ẹ jọ̀ọ́’ sí i, mà?”

“Má fi sí i.”