Ọjọ́ Tí Àwáwù Lọ Wo Òkun

Bí ẹ bá dé agboolé wa ní Ẹdẹ, tí ẹ béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé etí òkun nínú wa, Àwáwù ni wọn yóò dárúkọ. Ẹni tó dé ibẹ̀ ni mo wí. N kò sọ pé ẹni tó rí i. Òun ló bí bàbá mi. Bí mo bá sì ń pè é ní Àwáwù láìfi ìyá kún un, kì í ṣe àfojúdi. Obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì jìnnà ni, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Aláró ni. Ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà, rélùwéè sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo. Gbogbo ìkòkò aró tó wà lẹ́yìnkùlé wa, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Nílé wa, obìnrin tí ìkòkò aró bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni olórí àwọn obìnrin. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń parí ìjà, àwọn tó ń gbé aṣọ wá láti Awo àti Alájué kì í sì í bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú Àwáwù ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, òun náà sì rò pé èéfín ìdí iná ni. Nígbà tí ọdún fi yípo, kò dá ojú ènìyàn mọ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi imú gbọ́ òórùn aró, ó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, gẹ́gẹ́ bí gbogbo aláró ti ń ṣe. Ti àwọ̀ ló ṣòro. Bó bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, yóò pe àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ó dú tó?" Wọ́n á ní kò tíì dú. Á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ti ń mọ iṣẹ́." Ni àwọn ará ilé bá ń yìn ín pé kò sí ẹni tó mọ ọmọ kọ́ bíi tirẹ̀. Ẹ gbọ́ ná!

Ẹni tí Àwáwù ń bẹ̀rù ni Sìmbíátù, ìyàwó kejì. Sìmbíátù kì í ṣe ènìyàn búburú, n kò sì ní tìtorí ìyá bàbá mi parọ́ mọ́ ọn. Ó mọ iṣẹ́ ni, ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì mú. Bí wọ́n bá mọ̀ pé Àwáwù ò ríran mọ́, ọwọ́ Sìmbíátù ni ìkòkò yóò bọ́ sí, Àwáwù yóò sì di ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Ràṣídì, ọkọ wọn, oníṣòwò obì ni. Ọkùnrin tó le ni, ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ jáde, iwájú lòun ń wà, kí ìyàwó máa tọ̀ ọ́ bọ̀ lẹ́yìn, bí gbogbo ọkùnrin ayé ìgbà náà ti ń ṣe. Sàídì, ẹni tí wọ́n jọ ń ta obì tó wà ní Èkó, ló ránṣẹ́ sí i pé kó mú ìyáálé rẹ̀ wá ṣọdún Iléyá, kí wọ́n wá gbafẹ́ díẹ̀. Inú gbogbo obìnrin ilé dùn. Sìmbíátù fúnra rẹ̀ ló bá a di ẹrù. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ bá mi wo òkun náà dáadáa o. Gbogbo ẹ̀ lẹ ó ròyìn fún wa." Ta ni yóò ní òun ò lọ sí Èkó? Bí Àwáwù bá kọ̀, wọ́n á béèrè ìdí.

Sàídì kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó fi afárá gígùn tó wá láti Ìddó hàn wọ́n, ó fi iná mànàmáná hàn wọ́n. Ó mú wọn lọ sí Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, níbi tí àwọn gbajúmọ̀ ti ń najú lẹ́bàá ọ̀sà nírọ̀lẹ́. Ohun tí Àwáwù ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ. "Ẹ ò rí iná tó ń tàn láìlépo?" "Ọlọ́run tóbi." "Ẹ ò rí ọkọ̀ òyìnbó?" "Ọlọ́run tóbi." Ní pápá eré ẹṣin, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi mọ̀ pé àwọn ẹṣin ń kọjá. Ó bá wọn hó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tiwọn ni ariwo tirẹ̀ ń jáde. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí títí dòní. Ìgbafẹ́ tí ènìyàn ń fi gbogbo ara ṣọ́ra nínú rẹ̀, ìyà ni.

Ràṣídì ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí etí òkun. Sàídì dúró bá ọlọ́kọ̀ du owó, àwọn méjèèjì sì rìn lọ sórí iyanrìn. Ariwo omi ń dẹ́rù ba Àwáwù. Ràṣídì nàka síwájú.

"Ṣé o rí ọkọ̀ òkun tó ń bọ̀ yẹn?"

"Mo rí i. Ó mà tóbi o."

"Èéfín rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dúdú gan-an ni."

Kò sí ọkọ̀ kankan. Omi lásán ni, títí dé ibi tí ojú lè rí dé.

Ràṣídì rọra sọ ọwọ́ tó fi nàka kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Láti ìgbà wo?"

Àwáwù jókòó sórí iyanrìn. Ó ti ń retí ìgbe, àmọ́ ọkọ rẹ̀ kò kígbe. Ó kàn ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi."

"Ta ló ní n ó gbà á?"

"Ẹ ó gbà á. Ẹ̀yin lẹ nilé. Ẹ ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ilé bàjẹ́ nítorí tèmi."

Òótọ́ ni, Ràṣídì sì mọ̀ ọ́n. Ló bá jókòó tì í, tòun ti agbádá ọdún lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn òkun fún un. Kò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. "Ó ń bọ̀, ó tún ń padà. Etí rẹ̀ funfun. Lọ́hùn-ún, òun àti ọ̀run ti di ọ̀kan." Ó búra fún un pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwáwù sunkún níbẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ìgbà yẹn nìkan ni òun gbádùn Èkó.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n wọ̀ bọ̀ wálé, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ìròyìn náà. Ràṣídì á sọ, Àwáwù á tún un sọ: afárá, iná, ẹṣin, òkun. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ẹdẹ, ó ti mọ̀ ọ́n ju ẹni tó lójú lọ.

Àwọn ará ilé ti kún téṣàn. Sìmbíátù ló wà níwájú. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ ga sílẹ̀, Àwáwù ì bá sì fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ràṣídì ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó yíjú padà, ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Rọra, ó ga." Kò sì fi í sílẹ̀. Ó mú un lọ́wọ́ kọjá láàárín gbogbo èrò.

Gbogbo àwọn obìnrin yíjú wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó rí i rí pé ọkùnrin di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú ní gbangba. Bí obìnrin tilẹ̀ ń ṣàìsàn, obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni í dì í mú. Sìmbíátù wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú Àwáwù, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó gba ẹrù, ó kí wọn kú àbọ̀.

Kí wọ́n tó kírun alẹ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ojú Àwáwù ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn àgbà ilé ti dá sí i, Ràṣídì fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ní kó lọ sọ fún ìyáálé rẹ̀ pé Sìmbíátù ni yóò máa bójú tó ìkòkò.

Ó wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àwáwù ti mọ ohun tó bá wá.

Ó ní, "Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n ṣubú ní téṣàn. Wọn ì bá ní òòyì ọkọ̀ ló kọ́ mi."