Ẹ̀wà Ọjọ́ Jímọ̀ àti Ìkòkò Oníná

Bí ìkòkò bá lè rí ènìyàn fín, èyí tó wà létí fèrèsé ilé ìdáná Hajia Sherifatu ní Nyohini, nílùú Tamale, ti rí i fín. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì jókòó gbẹngẹdẹ bí àlejò tí kò ní ṣe iṣẹ́ kankan nínú ilé. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Nígbàkígbà tí inú bá ń bí i, á máa ké píì, píì, píì, ohun tó sì ń bí i nínú kò yé ẹnikẹ́ni. Láti kékeré ni Sherifatu ti ń dáná, oríṣiríṣi ìkòkò ló ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó jágbe mọ́ ọn rí.

Abdul-Rahman, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra, ló fi í ránṣẹ́. Ọmọ náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n inú páálí ló máa ń di ìfẹ́ náà sí. Ó ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìlọta ránṣẹ́, èyí tó ń pariwo débi pé àwọn adìyẹ ń sá kúrò lágbàlá. Kẹ́tùlù oníná tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àpótí kan dé tí wọ́n ní ó máa ń din nǹkan láìlo òróró. Sherifatu wò ó títí, nígbà tí ó sú u, ó kó àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò yìí kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Àṣẹ ló bá a wá.

Ojú ló fà á. Rahma, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Kanvili, ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tó rí i pé ojú ìyá òun ń pọ́n, tí ó sì ń ṣomi. Dókítà tan iná sójú náà, ó ní èéfín ọ̀pọ̀ ọdún ti ṣe é léṣe, èéfín kò sì gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni Rahma gbọ́. Ohun tí Rahma kò mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ní kí ìyá òun ka àwọn lẹ́tà ara ògiri, èyí tí obìnrin tó ṣáájú rẹ̀ kà ni Sherifatu ń kà. Ó ti há a sórí níbi tó jókòó sí. Lójú tirẹ̀, ara ògiri funfun ló rí, pẹ̀lú àwọn nǹkan dúdú kan tó ń rìn bí èèrà. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ìyá bá ti sọ fún ọmọ pé òun ò ríran dáadáa, wọ́n á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gba ilé ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á wá gbé e jókòó sórí àga bí ẹrù tí ẹnìkan máa padà wá gbé.

Ilé ìdáná náà kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ jíjẹ mímu lásán. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, àwọn àgbà ọkùnrin Yorùbá tó kù ládùúgbò máa ń kóra jọ sí àgbàlá Mọ̀múdù, ẹ̀gbọ́n Sherifatu, lábẹ́ igi dongoyaro, wọ́n á jẹ ẹ̀wà. Ìyá Sherifatu ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì máa lọ, tí àwọn ará Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lójijì, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ní Tamale kò tó nǹkan, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ìyá náà se ìkòkò ẹ̀wà kan, ó ní kí gbogbo wọn wá jẹ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣì wà. Láti ìgbà náà, ẹ̀wà yẹn kò yẹ̀. Nígbà tí ìyá kú, Sherifatu gba ìgbakọ. Àwọn ọmọ ilé lè máa da Hausa pọ̀ mọ́ Yorùbá títí ọ̀rọ̀ á fi dàrú mọ́ wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tó bá ń se ẹ̀wà Jímọ̀ ni ìyá ilé.

Nípa ẹ̀wà yìí ni Abdul-Rahman ṣe pàṣẹ lórí fóònù, tí gbogbo ilé ń gbọ́. Bí Hajia bá lè máa fi ìkòkò oníná se ẹ̀wà náà, kó máa sè é lọ. Bí kò bá lè fi í sè é, kí Ummuhani gbà á. Ummuhani ni ìyàwó Tahiru, ọmọ kejì tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé. Ọmọ ẹ̀yà Dagomba ni, láti Kpalsi, ó sì ti gbọ́ Yorùbá nínú ilé náà débi pé òun ló fi ń bú ewúrẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí Sherifatu nínú. Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, tàbí aláìgbọràn, ọ̀rọ̀ ì bá ti rọrùn, ènìyàn á kàn kórìíra rẹ̀, á sì sinmi.

Ummuhani náà ló wá ń kọ́ ọ. Ó ní ibí yìí ni ti ẹ̀wà, ibí yìí ni ti ìrẹsì, ibí yìí ni Hajia máa tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ pa á. Ibí yìí dà? Ojú ìkòkò náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ń yọ̀ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bọ́tìnnì tí kò yọ síta, tí ìka kò lè mọ̀, irú bọ́tìnnì wo nìyẹn? Rédíò baba rẹ̀ ní bọ́tìnnì gidi, ènìyàn lè dìde lójú oorun kó tẹ̀ ẹ́. Ó dá Sherifatu lójú pé ẹni tó ṣe ìkòkò yìí kò se nǹkankan rí láyé rẹ̀, ilé oúnjẹ ló ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ jáde ni pé òun ti gbọ́, kí Ummuhani lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó dán an wò. Ìrẹsì di ẹ̀kọ. Ẹ̀wà jáde le kanrin kanrin, bí òkúta wẹ́wẹ́. Sherifatu ní iná mànàmáná ni kò lágbára. Nígbà tí wọ́n ní iná wà dáadáa, ó ní àwọn ará Accra ti ta ayédèrú fún ọmọ òun. Ó fi ọwọ́ ra ojú ìkòkò láti apá òsì dé apá ọ̀tún, bóyá yóò rí ibi tó ga ju ibòmíràn lọ, kò rí nǹkankan. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbóná. Kí ènìyàn dàgbà tó báyìí, kó wá máa bẹ ìkòkò.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó lé gbogbo wọn jáde. Ummuhani dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Hajia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kánwà sí i o. Wàllàhí, ìkòkò yìí kò fẹ́ ẹ."

"Ìkòkò kò fẹ́ ẹ," ni Sherifatu wí. "Ṣé ìkòkò ló máa jẹ ẹ́ ni?"

Kánwà náà ni kánún tí ìyá rẹ̀ ń lò, tí ìyá ìyá rẹ̀ lò. Ta ló ń se ẹ̀wà láìfi kánún sí i? Ó mú ègé kan tó dára, ó sọ ọ́ sínú omi, ó da ẹ̀wà lé e lórí, ó dé ìkòkò, ó yí ọmọrí rẹ̀ títí tó fi há. Ó wá na ìka síbi tó rò pé ó jẹ́ ti ẹ̀wà, ó tẹ̀ ẹ́, ìkòkò náà sì dákẹ́ bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ibi.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó mí fúú, ó mí fúú, lẹ́yìn náà ni ihò orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìfófò. Ìfófò aláwọ̀ ilẹ̀ ń ru jáde, ó ń ta sára ògiri, ó ta sára fèrèsé, ó ta sórí àpótí tó kó àlùbọ́sà sí. Sherifatu fi ìgbakọ lu ọmọrí náà, ó ní kó dákẹ́. Ó fẹ́ ṣí i, kò ṣí. Ó tẹ ibi gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ìkòkò sì ń ké píì, píì, píì. Níta, ladani ti ń pe ìrun Jímọ̀.

Ummuhani ló sáré wọlé. Ó wo iná tó ń tàn níwájú ìkòkò, ó fa wáyà yọ lára ògiri, ó fi àkísà tútù bo ihò náà, ó dúró títí gbogbo rẹ̀ fi rọ̀. Ẹ̀wà tó wà nínú rẹ̀, ìdajì ti fọ́, ìdajì kò tíì jinná, ó sì dúdú. Ó bèèrè bọ́tìnnì tí Hajia tẹ̀. Sherifatu ní ti ẹ̀wà ni.

"Ti kéèkì lẹ tẹ̀, Hajia."

Sherifatu gbaná jẹ. Ta ló ní kí wọ́n kọ kéèkì síbẹ̀? Ta ló ń se kéèkì nínú ìkòkò, àbí orí àwọn tó ṣe é kò pé? Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà, ó ń na ọwọ́ wá àkísà láti fi nu ògiri. Àkísà náà wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sápá kan, ó lọ sápá kejì, kò bà á. Ummuhani ń wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó mú àkísà, ó fi sí i lọ́wọ́.

Búrẹ́dì àti tíì ni àwọn àgbà jẹ lọ́jọ́ náà. Mọ̀múdù ránṣẹ́ pé kò burú tí ènìyàn bá sinmi nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Ọ̀rọ̀ náà dun Sherifatu wọ egungun. Ó pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé, ó sunkún, ó sì bínú pé òun ń sunkún nítorí ìkòkò. Abdul-Rahman pè lálẹ́. Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré, Rahma yóò wá fojú ara rẹ̀ wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí kò bá sì ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ náà pé. Sherifatu kírun àsùbáà, ó wọ ilé ìdáná bí ẹni tí wọ́n pè sí kóòtù. Ó gbé ọwọ́ lé ojú ìkòkò náà, bíi ti ìṣáájú, láìretí nǹkankan, ìka rẹ̀ sì kọ lu nǹkan kan. Ó yọ síta, ó rí roboto. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ẹyọ ẹ̀wà kan ni. Ẹ̀wà gidi, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ìrẹsì, ẹyọ ìrẹsì kan wà.

Ó dúró síbẹ̀. Níta, ó ń gbọ́ ìgbálẹ̀ Ummuhani, tó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí i. Inú bí i pé ẹnìkan mọ̀. Inú bí i pé nínú gbogbo ilé, Ummuhani ni ó jẹ́, ẹni tí ẹ̀wà Jímọ̀ ì bá bọ́ sí lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ká ní ó kàn dákẹ́. Nígbà tí inú náà rọ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èéfín níbẹ̀.

Ó da ẹ̀wà sí ìkòkò. Ó gbé agolo kánún lọ sórí pẹpẹ òkè, ó sì dùn ún bó ṣe ń gbé e. Ó tẹ ẹyọ ẹ̀wà náà. Ìkòkò mí fúú lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Nígbà tí Sherifatu ṣí i, ẹ̀wà ti rọ̀ dáadáa láìfọ́. Ó da epo sí i, ata, irú, àlùbọ́sà tó yọ nínú àpótí.

Rahma dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín. Kíá ló ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ní Hajia ti ṣe é. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó mú àkísà, ó ń nu ara ìkòkò, nítorí nọ́ọ̀sì kò lè rí ìdọ̀tí kó dákẹ́. Ó dé iwájú rẹ̀.

"Ẹ̀wà ti gan mọ́ ibí," ló wí, ó sì fi èékánná ha á.

Ummuhani, tó ń bu ẹ̀wà sínú abọ́ ńlá, dá ìgbakọ dúró. Ó wo ilẹ̀. Sherifatu mọ̀ pé kò ní sọ ọ́ láéláé.

"Fi í sílẹ̀, Rahma."

"Ìdọ̀tí ni, Hajia."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ni mo fi ń mọ ibẹ̀. Ojú mi kò rí ohun tí wọ́n kọ."

Ọwọ́ Rahma dúró lára ìkòkò. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìkòkò fún mi."

Abdul-Rahman ń ké hẹ́lò, hẹ́lò nínú fóònù. Ummuhani dé abọ́ ẹ̀wà, ó fi òṣùká sórí, ó gbé e rù. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó bèèrè ohun tí òun máa sọ tí Baba Mọ̀múdù bá fẹ́ mọ ẹni tó sè é.

"Sọ fún un pé èmi ni," ni Sherifatu wí. "Sọ fún un pé kò sí kánún níbẹ̀, kó má wá yọ mí lẹ́nu."